Ẹni Tí Wọ́n Ní Kò Gbé Sókótó Rí

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Sókótó kọ̀wé dá bàbá mi lóhùn pé bàbá tó bí i kò gbé ọ̀dọ̀ wọn rí, irọ́ gbuu sì ni.

Nítorí irọ́ yìí ni mo ṣe wọ mọ́tò ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Nínú báàgì mi ni ẹ̀dà ojú ewé ìkẹyìn Kùránì ìyá àgbà wà, níbi tí wọ́n ń kọ ìbí àti ìkú ilé wa sí: "Sùlèímánù re Sókótó." Kò sí ohun mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi, Ràbíù, àkọ́bí Sùlèímánù, ṣì ń rá nílẹ̀ nígbà náà. Títí tó fi kú lọ́dún èṣí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi wá: "Ṣé bàbá mi gbàgbé mi ni?"

A gba Jẹ́bà, a gba Mókwà, a dé Kòǹtàgórà. Láti ibẹ̀ lọ, kòtò pọ̀ ju ọ̀dà lọ, kò sì sí ibi tí ọlọ́pàá kò ti fi igi dí ọ̀nà. Mo ní kí dírẹ́bà wa, ọmọ Ìlọrin tí mo ti sọ ìdí ìrìn àjò mi fún, yára.

"Hàbá, Àǹtí! Ẹni tẹ́ ẹ ń wá ti kú tipẹ́. Ẹ jẹ́ káwa dé láàyè."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rín in. Ní Yáwúrì mo ra fúrà, ìyẹn jéró gígún tí wọ́n pò mọ́ wàrà. Wàrà tiwa nílé a máa ki, a sì máa dín in. Tiwọn ń ṣàn, ó kan díẹ̀, ó sì tutù lọ́fun. Ìrọ̀lẹ́ la wọ Sókótó, ooru sì bò wá bí ẹni ṣí ìkòkò.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ lọ́nà Sama. Mo tẹ́ lẹ́tà wọn síwájú akọ̀wé, mo nawọ́ síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé: "A ti yẹ gbogbo ìwé wa wò." Mo ní kó fi àwọn ìwé náà hàn mí.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Nígbà tá a kun gbọ̀ngàn la kó wọn dànù. Ikán ti mu wọ́n."

"Ṣé ẹ ti kùn ún kí lẹ́tà yìí tó jáde?"

Ó gbójú sókè wo àjà. "Ó ti pẹ́. Wọn ò tíì yàn mí nígbà yẹn."

Bẹ́ẹ̀ òun ló fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà tó ní wọ́n ti yẹ ìwé wò!

"Ẹ ò ṣe bi Àlájà Sáfù ládùúgbò Minanata?" ló tún wí. "Òun ló dàgbà jù nínú wa. Kò sẹ́ni tí ò mọ̀."

Sókótó ni wọ́n bí Àlájà Sáfù sí. Hausa ló fi ń bú ewúrẹ́ rẹ̀, Yorùbá ló fi kí mi káàbọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dárúkọ Sùlèímánù. Ó mirí. Ó wá bi mí pé:

"Kí lorúkọ ọmọ ẹ̀?"

"Ràbíù, mà."

Ó pàtẹ́wọ́. "Bàbá Ràbíù olókùn! Ìwọ ọmọ ìwé yìí, o wá ń pe bàbá bàbá ẹ lórúkọ gbàgà bí ẹgbẹ́ ẹ! Ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀ níbí?"

Ọmọdébìnrin ni Àlájà nígbà náà. Ó ní okùn tí wọ́n fi ń so màlúù ni bàbá náà ń tà ní Kasuwar Kara, ọjà ẹran wọn. Wọ́n fi ìyàwó lọ̀ ọ́, ó ní ìyá Ràbíù wà nílé. Àwọn Hausa pàápàá, "Baban Rabi'u" ni wọ́n ń ké sí i. Ó ti ń di ẹrù ilé nígbà tí ibà gbé e dè, kò sì dìde mọ́. Atẹ́gùn ti gbá sàréè rẹ̀ tẹ́jú.

Àwa náà kì í pe ọlọ́mọ lórúkọ nílé, àṣà wa ni. Bàbá mi ń ṣọ̀fọ̀ ìgbàgbé, gbogbo Kara sì ti ń pe orúkọ rẹ̀ tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́.

"Ṣé ẹgbẹ́ bi yín rí, mà?"

"Wallahi, ẹnì kan ò bi mí. Akọ̀wé yẹn ńkọ́? Jímọ̀ Jímọ̀ ló ń jẹ tùwó nínú ilé yìí."

Nígbà tí mo padà délé, ibi sàréè bàbá mi ni mo kọ́kọ́ yà. Mo ròyìn fún un, láìku ẹyọ kan. Mo ti pẹ́ jù. Ìrìn àjò yìí kọ́ mi pé ikán kọ́ ló ń jẹ ìtàn ìdílé run, ẹni tó mọ ẹni tó yẹ kó bi, tí kò bi í, ni.

Ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ sí lẹ́tà náà, ẹ dá mi lóhùn. Ìwé wo ni ẹ yẹ̀ wò? Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n kó ìwé wa dànù? Orúkọ Ràbíù wà lórí lẹ́tà tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí yín: kí ló dé tí ẹ kò pè é sétí Àlájà Sáfù, ní Jímọ̀ kan ṣoṣo, nígbà tí ẹ ń fọ ọwọ́ tùwó?