Mo Lọ Kọ́ Bí A Ṣe Ń Bèèrè ní Lọ́kọ́ja

Ìdájí ni mo kúrò ní Kàbà, nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ní kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan rán olùkọ́ kan wá sí Lọ́kọ́ja, kí wọ́n lè dá wa lẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn tó ń fi ọmọ ènìyàn ṣòwò. Ọ̀gá wa wo gbogbo wa yíká, ó ní, "Màmá Ṣadé, ẹ̀yin ni ẹnu yín mú jù." Kí ni kí n sọ? Ẹnu mi mú lóòótọ́.

Ọ̀nà Ọbájànà la gbà. Àwọn tírélà ló ni ọ̀nà yẹn, àwa yòókù kàn ń yá a lò ni, ihò ibẹ̀ sì lè gbé odidi ewúrẹ́ mì. Nígbà tí a fi máa dé Lọ́kọ́ja, eruku ti sọ gèlè funfun tí mo wé di pupa.

Háà, ooru ìlú yìí! Ní ilé wa, bí mo bá ti kí ènìyàn ní "Okun o", a ti mọ ara wa nìyẹn. Níbí, obìnrin tó ń ta ẹja yíyan létí odò kí mi ní "Sannu", bí àwọn Haúsá ṣe ń kíni, ó fi Nupé bá ọmọ rẹ̀ wí, ó wá fi Yorùbá tó já gaara sọ fún mi pé òun ò ní dín owó ẹja náà kù. Mo rà á, mo jẹ ẹ́, ó sì dùn.

Gbọ̀ngàn tí wọ́n kó wa sí wà lọ́nà Ganaja. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń kọ́ wa. Ó bi wá pé, "Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ mú ọmọ yín lọ sí ibi iṣẹ́, kí lẹ máa ń bi í?"

Olùkọ́ kan láti Ìjùmú wá ní, "A kì í bi í ní nǹkan kan. Ìdúpẹ́ la máa ń lọ ṣe."

A bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́bìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mú wa. Tí ẹbí bá ti lọ dúpẹ́, ìbéèrè ti di àrífín nìyẹn." Ó ní àwọn tó ń fi ọmọ ènìyàn ṣòwò máa ń gba fóònù ọmọ, wọ́n máa ń kánjú, wọn kì í sì í fẹ́ kí ará ilé kankan bá ọmọ náà lọ.

Ọ̀rọ̀ ilé wa ló ń sọ yìí. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn ni ẹbí wa ru iṣu lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin kan tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Rẹ̀mí. Ó fẹ́ mú Títí, ọmọ àbúrò mi Bọ́lá, lọ sí orílẹ̀-èdè Málì, kó lọ máa bá a tajà ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí mo wà nínú gbọ̀ngàn yìí ni Títí sì máa lọ.

Mo jáde síta, mo pe Bọ́lá. "Má jẹ́ kí Títí lọ o!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó ń ṣe wá lóore? Ẹ má dójú tì wá." Ó pa fóònù.

Mo gbé báàgì mi. Nígbà tí mo ròyìn ọ̀rọ̀ Títí fún ọ̀dọ́bìnrin náà, ó fún mi ní nọ́ńbà ọ́fíìsì wọn, ó ní, "Ìyá, ẹ má bá obìnrin náà jà. Ẹ sáà máa bi í." Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí gáréèjì. Awakọ̀ ọkọ̀ Kàbà ní ó ku èrò méjì kí òun tó gbéra.

"Èmi ni èrò méjì náà," ni mo wí. "Ó yá, gbéra!"

"Ìyá, ṣé kò sí wàhálà o?"

"Wàhálà wà. Ṣáà máa wakọ̀."

Mo bá Àǹtí Rẹ̀mí nílé Bọ́lá. Ó ní ètò ti yí padà, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni àwọn fẹ́ lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i, nítorí wọn ò fi àfojúdi tọ́ mi. Mo wá fa àga jókòó.

"Àǹtí, ẹ ṣé gan-an. Àdúgbò wo ni ṣọ́ọ̀bù yín wà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò lè mọ ibẹ̀."

"Ẹ sọ fún mi, kí n mọ̀ ọ́n." Bọ́lá fa ìró mi. Mo tún bi Àǹtí pé, "Ṣé bàbá rẹ̀ lè sìn yín débẹ̀, kó rí ibi tí ọmọ máa sùn?"

"Kò sáyè nínú ọkọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. A lè dúró."

Ó fò dìde. "Ṣé olè lẹ pè mí ni? Lẹ́yìn tí ẹ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!"

"A ó tún dúpẹ́, tí a bá ti débẹ̀."

Bàbá Títí, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ló wá bèèrè pé, "Títí, fóònù rẹ dà?"

Títí wo ilẹ̀. "Ó wà lọ́wọ́ Àǹtí. Wọ́n ní tí a bá dé bọ́dà, kí n sọ pé àwọn ni ìyá mi."

Bọ́lá fi ìró mi sílẹ̀. Bàbá Títí gbé àpò ọmọ náà padà sí yàrá, èmi sì pe nọ́ńbà tí wọ́n fún mi. Kí ẹnikẹ́ni tó dé, Àǹtí Rẹ̀mí ti ju fóònù Títí sílẹ̀, ó ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ohun tí mo mú bọ̀ láti Lọ́kọ́ja kò ju èyí lọ: kí á kọ́kọ́ bèèrè, kí á tó dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ṣì ń bínú sí mi títí di òní. Ó ní mo dójú ti òun níwájú ẹni tí òun dọ̀bálẹ̀ fún, mo sì sọ ẹbí di aláìmoore. Kó máa bínú lọ. Títí ló ń gbé oúnjẹ fún un láràárọ̀.