Bí Mo Ṣe Bó Ọ̀dà Ọkọ̀ Tuntun Wa

Òòfà náà jábọ́. Mo mú un nílẹ̀, mo tún fi lé ara ọkọ̀ lẹ́yìn, lápá òsì, lókè táyà. Ó tún jábọ́ sínú iyanrìn. Mo gbé e lọ síwájú ọkọ̀, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́. Mo gbé e padà sẹ́yìn, ó jábọ́. Irin ni òòfà máa ń lẹ̀ mọ́. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ lára ọkọ̀, ohun mìíràn ni wọ́n fi dí ibẹ̀. Ọkọ̀ tuntun sì ni wọ́n pe ọkọ̀ yìí nígbà tí a rà á, èyí tí wọ́n ń pè ní tíà-rọ́bà, tí ẹnikẹ́ni kò wà rí láti ìgbà tó ti kúrò ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Oṣù márùn-ún péré ló tíì lò lọ́wọ́ wa.

Ìjọ wa ní Odigbo ń múra ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún Alàgbà Sámúẹ́lì, ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún wa. Wọ́n ní kí àwa àgbà kọ ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ fún ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀. Èyí ni ohun tí mo mọ̀. Bí wọn kò bá fi tèmi sí i, àwọn ènìyàn yóò rí i kà níbòmíràn.

Ọ̀dà ọkọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ṣe é ní Ore, létí ọ̀nà márosẹ̀. N kì í kun ọkọ̀ o, pípò ni tèmi. Bí ara ọkọ̀ kan bá họ, ẹni tó ni ín á mú nǹkan kékeré lára rẹ̀ wá fún mi, pàápàá jù lọ ìdérí tó bo ẹnu ibi tí wọ́n ti ń rọ epo, nítorí pé ó rọrùn láti tú. Èmi á wo àwọ̀ rẹ̀, màá po irú rẹ̀ gẹ́lẹ́, akunkọ̀ á sì fi bo ibi tó họ. Àwọn kan kì í mú nǹkan kan wá rárá. Awakọ̀ kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan, ó ní, “Mama, ẹ bá mi po pupa, irú ti mọ́tò tó kọjá níbí lánàá.” Mo bi í pé mọ́tò wo. Ó ní, “Èyí tó ń sáré yẹn.”

Mo ti ka kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kí n tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Kàrímù ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ó gbé páànù kéékèèké mẹ́ta tí wọ́n kùn ní funfun síwájú mi nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, “Ọmọwé, èwo ló yàtọ̀?” Mo ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó kó wọn jáde sínú oòrùn, mo sì rí i pé ọ̀kan dà bíi wàrà, ọ̀kan dà bí èèpo ẹyin, ọ̀kan dà bí ògì. Ó ní, “Kò sí àwọ̀ tó ń purọ́ bíi funfun. Má gbà á gbọ́ nínú ilé láéláé. Mú un lọ bá oòrùn.”

Nígbà tí mo dé Ore, mo fi ọgbọ́n tèmi kún un. Eruku ọ̀nà tiwa pọ́n. Ọkọ̀ funfun kan kì í lo ọdún kan níbẹ̀ kó má pọ́n díẹ̀, bí eyín ẹni tó ń jẹ obì. Tí mo bá wá po funfun ọkọ̀ tó ń rìn lágbègbè wa, mo máa ń kán ẹ̀kán kan àwọ̀ ilẹ̀ sí i. Ojú ẹlòmíràn kò lè rí i. Èmi mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi. N kò sọ ọ́ fún akunkọ̀ kankan, torí òun ni àwọn ènìyàn ṣe ń sọ pé ti Ìyá Ọlọ́dà, bí wọ́n ṣe ń pè mí, kì í hàn.

Ọkọ mi, Bàbá Bọ́lá, jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ní oko kòkó ní Ajue. Ọ̀kadà ló ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀, títí ìbàdí rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Nígbà tí ọwọ́ mi tó o, a pinnu láti ra ọkọ̀. Èmi fẹ́ tòkunbọ̀, èyí tí mo lè fi ojú ara mi yẹ̀ wò látòkè délẹ̀. Ọkọ mi kọ̀. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, ohun tí ẹlòmíràn ti lò ni òun ń gbà, látorí ìwé títí dórí bàtà. Ó ní òun fẹ́ ra ohun kan ní tuntun kí òun tó kú.

Alàgbà Sámúẹ́lì ló lọ bá. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ń ta ọkọ̀ ní Ore, ó sì jẹ́ alàgbà ní ilé àdúrà wa. Ó ní ọkọ̀ funfun kan ń bọ̀ láti Èkó. Nínú ìjọ wa, a kì í lo ohun tuntun kí a tó gbé e wá fún ìyàsímímọ́. Nítorí náà, ọgbà ìjọ ló gbé ọkọ̀ náà wá tààrà, abẹ́ kánópì. Ojú ọjọ́ ṣú lọ́jọ́ náà. Ọ̀rá wà lórí àga rẹ̀, ó wà lára ilẹ̀kùn, ó wà nílẹ̀ ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀.

Alàgbà ní, “Ìyá Bọ́lá, ẹ wo ọ̀rá. Ìdí ènìyàn kan ò tíì kàn án.”

Mo sún mọ́ ilẹ̀kùn láti wo òpó rẹ̀, níbi tí àmì àtúnkùn ti máa ń hàn. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ pariwo pé, “Ìyá Ọlọ́dà, ẹ má tíì kùn ún fún wa o!” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo padà sẹ́yìn. Wọ́n wọ́n omi sí ọkọ̀ náà, wọ́n fi òróró kan iwájú rẹ̀, wọ́n kọrin yí i ká. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti gbé ohun tí a ti yà sí mímọ́ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì? N kò bi oòrùn ní nǹkan kan. Èmi tí Ọ̀gá Kàrímù kọ́.

Bàbá Bọ́lá máa ń bọ́ bàtà kó tó wọ inú ọkọ̀ náà. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń wà á lọ sí Ajue. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ̀rá náà, a sì ń jókòó lé e lórí nínú ooru, òógùn á máa ṣàn lẹ́yìn wa. Lóṣù kejì, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí òsì. Lóṣù kẹta, táyà rẹ̀ kan jẹ lápá kan ṣoṣo. Mo ní kí ó bá Alàgbà sọ ọ́.

Alàgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀yin náà ẹ wo ọ̀nà tí ẹ ń gbà. Ọ̀nà Araromi-Obu? Ọ̀nà yẹn á jẹ táyà bàálù!”

Lóṣù karùn-ún, ọlọ́kadà kan họ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ní Ajue. Kò ju ìka kan lọ ní gígùn. Ọkọ mi ní kí n bá òun pa ojú rẹ̀ dé kí ọjọ́ Ajé tó dé, nítorí pé ọmọ wa Bọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà márosẹ̀ ló sì fẹ́ gbà lọ kí i.

Mo ka nọ́ńbà àwọ̀ tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ náà, mo sì po ọ̀dà bí nọ́ńbà ṣe wí. Mo gbé e jáde sínú oòrùn. Kò bá ara wọn mu. Ọ̀dà mi funfun ju ọkọ̀ lọ. Mo fọ ọkọ̀, mo nù ún, kò yí padà. Oṣù márùn-ún kò sì tó fún eruku Ore láti mú kí ọkọ̀ pọ́n. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ mi lọ sínú agolo àwọ̀ ilẹ̀, mo sì kán ẹ̀kán kan sí i. Ó bá a mu débi pé n kò rí ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀. Ọ̀dà tèmi ló wà lára ọkọ̀ tí wọ́n ní Èkó ló ti wá ní tuntun.

Mo sì rántí. Ní bí oṣù mélòó kan kí a tó ra ọkọ̀, Alàgbà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ìdérí ẹnu epo kan. Ó ní àwọn fẹ́ tún bọ́ọ̀sì ìjọ kùn, kí n po èyí tó máa tó o. Mo pò ó láìjèrè kọ́bọ̀, mo sì kán ẹ̀kán mi sí i, torí pé Ore ni bọ́ọ̀sì náà ń rìn. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ níbí, nítorí pé òun ni mo fi ń pe ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Mo rí i lọ́jọ́ náà pé ìdérí yẹn kéré fún bọ́ọ̀sì. Mo rí i, n kò sì bi í. Mo ní ṣebí alàgbà ni.

Ìgbà náà ni mo lọ mú òòfà. Nígbà tó jábọ́, mo fá ojú ibẹ̀. Pọ́tì ni wọ́n fi dí i, ohun kan tó máa ń rọ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n bá ń lẹ̀ ẹ́, tó sì máa ń le bí àwo tó bá gbẹ. Ó nípọn tó ìka méjì. Mo ya ọ̀rá ilẹ̀ ọkọ̀, mo ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè. Ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ là á kọjá láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, ó rí wúrúwúrú. Mo pe Ṣúlè tó ń na ara ọkọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó wò ó, ó mi orí.

“Mama, ọkọ̀ méjì nìyí. Ọ̀kan fojú gbá nǹkan, ọ̀kan fẹ̀yìn gbá nǹkan. Wọ́n gé wọn, wọ́n jó ibi tó dáa pọ̀. Tó bá kó sí kòtò tó jìn lórí eré, ó lè pín sí méjì. Ẹ má jẹ́ kí Bàbá gbé e dé márosẹ̀.”

Mo mú ọkọ mi lọ́wọ́ lọ síbi ọkọ̀, mo fi hàn án. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ojú ibi tí wọ́n jó yẹn pẹ́.

Ó ní, “Pa á dé.”

“Kí ni mo fẹ́ pa dé, Bàbá Bọ́lá? Ọkọ̀ yìí á pa yín.”

“Mo ní kí o pa á dé. Ṣebí iṣẹ́ rẹ nìyẹn? Èmi ń lọ kí ọmọ mi lọ́jọ́ Ajé.”

Ó mọ̀. Ohun tó dùn mí nìyẹn. Ó gbà kí ó kú ju kí àwọn ènìyàn gbọ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi í ṣe òmùgọ̀.

Mo lọ bá Alàgbà nílé. Ó fún mi ní àga, ó gbọ́ ohun tí a rí, ó ní kí a fi àdúrà sí i.

Mo ní, “Alàgbà, àdúrà kì í jó irin pọ̀. Ẹ gba ọkọ̀ yín.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ìyá Bọ́lá, ẹ rọra. Tí ariwo bá ta, wọ́n á bèèrè ẹni tó po ọ̀dà rẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n bèèrè? Àwa táa ń ta ọkọ̀ la ń ra ọjà yín jù.”

Òótọ́ ló sọ. Mo padà sílé, mo sì rò ó títí di ọjọ́ Sátidé. Ní Sátidé, nígbà tí ọkọ mi lọ sí ìpàdé àwọn àgbà, mo gbé agolo kẹ́míkà tó ń bó ọ̀dà jáde. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń bá àwọn ènìyàn bo nǹkan. Ọjọ́ kan yẹn ni mo ṣí nǹkan. Mo bó apá òsì ọkọ̀ náà látiwájú dẹ́yìn, mo fi òòlù gbẹ́ pọ́tì kúrò, gbogbo irin jáde ní ìpàtà ìpàtà, pẹ̀lú ìpẹtà àti ojú àpá tí wọ́n jó. Mo ya gbogbo ọ̀rá dànù. Nígbà tí Bàbá Bọ́lá wọlé, ó rí i, ó kan di ara ilẹ̀kùn mú. 

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ní kí Ṣúlè bá mi rọra wà á, díẹ̀díẹ̀, dé ẹnu ọ̀nà ìjọ. A gbé apá òsì kọ ojú sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ìjọ tú jáde, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ní, “Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí, èmi ni mo po ọ̀dà tí wọ́n fi bo èyí. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì ìjọ ni. Ó yẹ kí n bèèrè, n kò bèèrè. Alàgbà Sámúẹ́lì ló tà á fún wa ní tuntun. Ẹ wá fọwọ́ kàn án.”

Ìyá kan ní, “Ẹ̀jẹ̀ Jésù!” Òmíràn ní, “Ṣé òun la fi òróró sí lórí yìí?” Alàgbà Sámúẹ́lì yí padà, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Ìjọ ṣèdájọ́. Wọ́n ní Alàgbà jẹ̀bi pé ó ta ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà sì jẹ̀bi pé mo dójú ti àgbà ní gbangba. Wọ́n fi àwa méjèèjì sí àga ẹ̀yìn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ kẹrin, òun padà síwájú. Èmi kò padà síwájú. Àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ní Ore kò wá ra ọ̀dà lọ́dọ̀ mi mọ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Àwọn ọlọ́kọ̀ kéékèèké ló gbé mi ró títí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù. Ṣúlè gé ọkọ̀ náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó tà á fún àwọn oníìrin.

Ọkọ mi wọ bọ́ọ̀sì lọ kí ọmọ náà. Láti ọjọ́ yẹn, kò bá mi sọ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọ̀rọ̀ òògùn lọ. Ọ̀kadà ló tún ń gùn lọ sí Ajue. Tí àlejò bá wà nílé, á pè mí ní Ìyá Bọ́lá. Tí a bá ku àwa méjì, kò pè mí ní nǹkan kan. Ọdún mẹ́sàn-án la fi bẹ́ẹ̀ gbé. Orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí, nínú àìsàn àgbà, pẹ̀lú ọmọ Bọ́lá tó ń ka ìwé sí i létí.

Àwọn kan nínú ìjọ ní kí n dárí ji Alàgbà kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó dé. Wọ́n ní ọkọ̀ lásán ni. Wọ́n tún ń sọ fún mi pé ó mà ṣe o, pé ọkọ mi bá ìbínú lọ sí sàréè. Mo sọ fún wọn pé òkú kì í bínú. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọkọ mi fi wà láàyè, tó ń bínú sí mi.