Ìjókòó Méje

Àwọn ọmọ mi pè láti Kánádà pé àwọn àti ìyá wọn, tó lọ bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun, ń bọ̀ wálé fún Kérésì. Mo bá lọ ra ọkọ̀ oníjókòó méje ní gbàǹjo. Ọkùnrin kan fẹ́ gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. N ò gbà fún un. Ọjọ́ tí mo wà á dé Kétu ni wọ́n tún pè pé kò ní ṣeé ṣe mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún àdúrà.

Pásítọ̀ ní, “Daddy, kí gbogbo ẹbí wọnú ọkọ̀.”

Mo wọlé, mo pa ilẹ̀kùn dé. Ó ṣì ń wo ọ̀nà.

Mo ní, “Ẹ máa gbàdúrà yín jàre!”

Ó gbọ́wọ́ lé ọkọ̀. “Ẹ ò ní dín nínú ọkọ̀ yìí o.”

Mo ṣe àmín. Nínú ẹyọ èmi kan ṣoṣo, kí ló kù tó fẹ́ dín?