Ọwọ́ Òsì Níwájú Alábẹ̀wò

Wọn ò gbà mí sí ẹ̀kọ́ òfin ní yunifásítì, ni wọ́n bá dà mí sí ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ tíṣà. Bó ṣe rí fún èyí tó pọ̀ jù nínú wa nìyẹn. Nígbà tí owó epo ń ṣàn, ìjọba kọ́ ilé ìwé káàkiri etí ọ̀sà bí ẹni ń gbin àgbàdo, wọn ò rántí pé ilé ìwé ń fẹ́ tíṣà. Nígbà tí owó náà máa fi gbẹ, òrùlé ti ń ṣí, àwa tí wọ́n fẹ́ fi dí àlàfo ni wọ́n wá ń sáré tú jáde. Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní bí a ṣe ń kọ́ni a máa ka ìwé sí wa létí, kò sì ní gbójú sókè títí yóò fi parí. Ọkùnrin yìí kan náà ló ń sọ pé tíṣà gidi kì í ka ìwé sí ọmọ létí. Mo kórìíra rẹ̀ débi pé bó bá wúkọ́ lásán, inú á bí mi.

Lọ́dún tó kẹ́yìn, wọ́n ní kí kálukú lọ dán iṣẹ́ náà wò nínú kíláàsì. Wọ́n rán mi lọ sí ilé ìwé girama kan létí ọ̀sà, ó kọjá Ajido díẹ̀, pé kí n máa kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kejì ní ìṣirò. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní ẹnubodè Seme, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Tí o bá ti ṣeré yẹn tán, wá bá mi. Iṣẹ́ wà." Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá lè kọ́ ọmọ kan ṣoṣo tí ohun tí mo kọ́ ọ yé e dénú, iṣẹ́ tíṣà ni màá ṣe. Bí mi ò bá lè ṣe é, ọ̀nà Seme yá.

Ọmọ náà ò pẹ́ fojú hàn. Ọmọbìnrin kan tó dàgbà ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ni, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, òórùn èéfín ẹja a sì máa bá a wọlé láràárọ̀, nítorí òun àti ìyá rẹ̀ ló ń yan ẹja kó tó wá sílé ìwé. Ègùn ni wọ́n ń sọ nílé. Yorùbá rẹ̀ ń já, Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní kí n máa fi kọ́ni ò sì wọ̀ ọ́ létí rárá. Kò dáhùn ìbéèrè kankan rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá a dúró tí wọ́n bá ti jáde. Mo ní kó ya onígun mẹ́ta sórí ìwé, kó gé e, kó fa igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ya, kó tò wọ́n ti ara wọn. Wọ́n di ìlà gbọọrọ. Ó ya òmíràn, tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, ìlà gbọọrọ náà ni. Ó ya títí ìwé fi tán lọ́wọ́ mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló wá sọ ìdí tí kì í fi í yẹ̀ fún mi, tahọ́n Ègùn tahọ́n Ègùn: "Àǹtí, tí ẹ bá fún igun kan lóúnjẹ sí i, ọwọ́ àwọn tó kù lẹ ti gbà á." Inú mi dùn débi pé mo fò sókè.

Kò pẹ́ ni ìròyìn dé pé alábẹ̀wò ń bọ̀ láti yunifásítì láti wá fún mi ní máàkì. Tíṣà ilé ìwé náà tó ń mójú tó mi pè mí sábẹ́ igi àgbọn.

"Àǹtí, ẹ ò tíì bá wọn sọ̀rọ̀ ọwọ́?"

Ó ní tí mo bá ti béèrè ìbéèrè, gbogbo ọmọ ni kó nawọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á na ọ̀tún, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á na òsì. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún nìkan ni kí n máa pè, alábẹ̀wò á sì rò pé ọmọ mi kan ò gọ̀.

"Àwọn ọmọ tí wọ́n ń nà nílé tí wọ́n bá na ọwọ́ òsì sí àgbà?" ni mo wí.

"Ṣé ẹ fẹ́ máàkì ni àbí ẹ ò fẹ́?"

Mo wọ kíláàsì, mo ní n ò fẹ́ rí ọwọ́ òsì kankan. Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àǹtí, a mọ̀ ọ́n ṣe o. Àwọn tó wá lọ́dún tó kọjá, gbogbo wọn ló yege." Ó rí mi lára. Kì í ṣe àwọn ọmọ ló rí mi lára, àwa ni, àwa tí à ń wá lọ́dọọdún wá fi irọ́ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, tí a ó sì gba máàkì lọ.

Alábẹ̀wò dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó ń bú iyanrìn tó bà á ní bàtà jẹ́. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo yíjú sí kíláàsì. Ìjókòó ẹ̀yìn ṣófo. Ọmọ mi ò sí níbẹ̀, gbogbo àwọn tí kì í tètè yé náà ò sí níbẹ̀. Tíṣà tó ń mójú tó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣẹ́jú sí mi. Mo béèrè ìdí tí igun onígun mẹ́ta fi ń di ìlà gbọọrọ, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló lọ sókè. Alábẹ̀wò kọ nǹkan, ó yán, ó tún kọ nǹkan. N ò tíì nu pátákó tó fi dìde. Máàkì tó fún mi, kò sẹ́ni tó gba jù ú lọ nínú ẹgbẹ́ wa. Ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan tutọ́ sí mi lọ́wọ́.

Mo gba ẹ̀yìn ilé ìwé lọ. Àwọn ọmọ wà nídìí kànga, wọ́n ń họ ìpẹ́ ẹja tí pirinsípà fẹ́ dì fún alábẹ̀wò lọ sílé. Ìpẹ́ lẹ̀ mọ́ aṣọ ilé ìwé wọn, eṣinṣin ń kùn lórí wọn. Ọmọ mi rí mi, ó kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé wọ́n fún yín ní máàkì?"

"Ta ló ní kí ẹ jáde?"

"Tíṣà ní kí ẹni tí kò bá dá ara rẹ̀ lójú wá họ ẹja. Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde, kí n má baà bà á jẹ́ fún yín."

Alábẹ̀wò àti pirinsípà ti ń bọ̀ lẹ́yìn mi. Mo fa ọmọ náà dìde, tìpẹ́ tẹ̀jẹ̀ ẹja lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ gbọ́ èyí." Mo bi í ní ìbéèrè tí mo bi àwọn yòókù. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ wọlẹ̀, lẹ́yìn náà ó là. Ó sọ ọ́ látòkè délẹ̀, ó sọ ti ìwé tí a fà ya, ó sọ ìdí rẹ̀.

Alábẹ̀wò ò wojú rẹ̀. Inú agbọ̀n ẹja ló ń wò. "Ṣé wọ́n ti yọ ìfun wọn tán?" ló bi mí. "Ìyàwó mi ò fẹ́ kí mọ́tò máa rùn."

Wọ́n gbé ẹja sí bùùtù mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo ránṣẹ́ sí Seme pé n ò ní lè wá. Àbúrò ìyá mi rò pé máàkì ló ń gùn mí, mo sì jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà sọ ọ́ láìṣi ọ̀rọ̀ kan, níwájú àgbà mẹ́ta, èmi nìkan ni mo gbọ́.