Àpótí Tí Mo Sọ Di Tuntun

Iṣẹ́ tí mo mọ̀ jù láyé yìí ni kí n sọ ògbólógbòó di tuntun. Àga tòkunbọ̀, tábìlì tòkunbọ̀, kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ti lò sú lókè òkun, ẹ sáà gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ ní Òrè. Màá fi sánpépà ha á, màá fi pọ́tì dí ojú ihò, màá kùn ún ní fáníìṣì lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ẹni tó gbé e wá gan-an lè wá máa ná an lọ́wọ́ mi. Mo máa ń fi ìyẹn yangàn gan-an nígbà yẹn.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọkọ mi ń bọ̀ láti oko kòkó wa lọ́nà Àgọ́ Aláyè lórí ọ̀kadà ni tírélà kan bá fẹ̀gbẹ́ gbá a. Egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fọ́, ó sì yọ síta. Dókítà ní irin ni wọ́n máa fi sí i, a sì gbọ́dọ̀ san owó irin náà kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, torí ojú egbò náà ti ń rùn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gé e lókè orúnkún. Ojú ọkọ mi ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó kàn ń wo òrùlé.

Mo ta gbogbo ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ní ìtakúta. Mo yá, mo bẹ̀. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbàdúrà, wọ́n sì dáwó. Kò tó ìdajì.

Ìyá ọkọ mi ló rántí àpótí. Ní Odígbó, nínú ilé ìdáná wọn àtijọ́, àpótí ìjókòó kan wà lórí àjà, lókè ààrò gan-an. Ìtì igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ère obìnrin mẹ́rin ló sì fi orí ru ojú ìjókòó náà. Bàbá bàbá ọkọ mi ló ń jókòó lé e. Èéfín ti mú un dúdú kirikiri, epo ti rin ín, kòkòrò sì ti lu ihò wẹ́wẹ́ sí i lára. Màmá ní àwọn gbọ́ pé àwọn kan ń wá irú ẹ̀ kiri.

Mo mọ ọ̀kan nínú wọn. Bàbá kan ni, ará Èkó, tó máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù mi tó bá ń lọ sí Bìní, tó sì máa ń béèrè nǹkan àtijọ́. Mo ya fọ́tò àpótí náà, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ní kí n ya ìdí rẹ̀. Wọ́n ní kí n ya ojú ihò kòkòrò. Wọ́n bi mí ta ló jókòó lé e rí àti ibi tó ti wà látọjọ́ yìí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dá iye lé e: owó náà tó irin ẹsẹ̀, ó tó abẹ́rẹ́, ó tún máa ṣẹ́kù. Wọ́n ní lọ́jọ́ kẹta àwọn á dé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún ayọ̀.

Mo gbé àpótí náà wá sí Òrè, mo gbé e ka orí tábìlì, ojú tì mí. Lọ́kàn tèmi, tí oníbàárà bá rí ìdọ̀tí yìí lójúkojú, á já owó lulẹ̀. Àwa tí à ń ta tòkunbọ̀ kì í gbé ọjà síwájú ẹni tó fẹ́ rà á láìtún un ṣe. Ẹ̀gàn ni lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Èmi ò ríran. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi bá àpótí yẹn jà. Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ epo ara rẹ̀ dànù, mo fi sánpépà ha á títí igi fi funfun, mo fi pọ́tì dí ihò kòkòrò níkọ̀ọ̀kan, mo sì kùn ún ní fáníìṣì lẹ́ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀mejì, torí ti ọkọ mi ni. Màmá rí i, inú wọn dùn, wọ́n ní ọwọ́ mi dára.

Bàbá náà dé lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta. Wọ́n wo àpótí, wọ́n wò mí, wọ́n tún wo ẹ̀yìn mi bóyá òmíràn wà níbẹ̀. Wọ́n yí ìdí rẹ̀ sókè, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n fi àtàǹpàkò wá àmì ọ̀bẹ agbẹ́gilére lọ́rùn àwọn obìnrin náà. Pọ́tì ni wọ́n bá níbẹ̀. Wọ́n wá rọra jókòó.

“Màdáámú, ta ló fọ̀ ọ́?”

Mo ní èmi ni. Ẹ̀rín ni mo fi dá wọn lóhùn, mo rò pé wọ́n fẹ́ yìn mí ni.

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń túfọ̀. Èéfín yẹn ló ń jẹ́rìí ọjọ́ orí rẹ̀. Ojú ihò kòkòrò ń jẹ́rìí sí i, epo náà ń jẹ́rìí sí i. Wọ́n ní agbẹ́gilére kan lè gbẹ́ irú ẹ̀ fún àwọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

“Kì í ṣe igi ni mo fẹ́ rà. Ọwọ́ àwọn tó ti lò ó ni mo fẹ́ rà, ẹ sì ti fọ̀ ọ́ kúrò.”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n dákun, ẹsẹ̀ ọkọ mi ni. Mo ní mo lè gbé e padà sórí ààrò, mo lè fi epo pa á, kí wọ́n fún mi lóṣù kan, bí ẹni pé ẹsẹ̀ tó ń jẹrà á dúró dè mí lóṣù kan. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n ní àwọn tí àwọn ń tà á fún máa mọ̀ lójú kan náà. Wọ́n ki owó díẹ̀ bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n wọ mọ́tò wọn lọ.

Kí wọ́n tó gbé ọkọ mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ Sátidé, ó di ọwọ́ mi mú, ó bi mí bóyá ọkùnrin tó fẹ́ ra àpótí yẹn wá. Mo ní kò wá. Ohun tí mo sọ fún ìyá rẹ̀ náà nìyẹn.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí. Ẹlòmíì ló ń dá oko kòkó wa. Láràárọ̀, tí a bá ti gbàdúrà tán, ọkọ mi á na ọwọ́ mú ọ̀pá méjèèjì tó fi ń rìn, á sì fi àdúrà kan kún un, ohùn rẹ̀ á tutù, á ní, “Ẹni tó jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ mi kò ní rí ìsinmi láyé.” Á wá dúró kí n dáhùn.

Mo máa ń ṣe àmín.