Eérú Ìyá Mi Lára Mọ́tò Ọ̀gá

Èmi ò lè jókòó sójú kan. Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Tí mo bá ń jẹun, ẹsẹ̀ mi á máa mì lábẹ́ tábìlì; tí ìwàásù bá gùn ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo kọ́kọ́ máa ń dìde lọ síta bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi di dírẹ́bà. Mò ń wa mọ́tò fún òyìnbó kan tó jẹ́ ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà lẹ́yìn ìlú Jọ́ọ̀sì. Mọ́tò dúdú ni, ó dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń wo ara ilẹ̀kùn rẹ̀ ya irun mi láàárọ̀. Ọ̀gá mi fẹ́ràn mọ́tò yẹn ju ènìyàn lọ. Ẹni tó wà á ṣáájú mi fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ha igi lẹ́ẹ̀kan péré, ọjọ́ yẹn náà ló sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé, kò padà wá mọ́.

Lọ́dún tí bàbá mi kú ni ìyá mi wọ ọkọ̀ ojú irin l'Óṣogbo, wọ́n wá bá mi gbé. Wọ́n gbé iṣu wá, wọ́n gbé epo wá, wọ́n sì di odindi ẹrù kànrìnkànrìn mọ́ ọn, nítorí ẹnì kan ti sọ fún wọn pé wọn ò mọ kànrìnkànrìn l'Ókè Ọya. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ǹ bá mọ̀, ǹ bá sun ún.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé gan-an ni ọ̀gá mi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ ṣe ìpàdé ní Kàdúná. Ó ní kí n tọ́jú mọ́tò sọ́dọ̀ mi, kí n wá pàdé òun ní ibùdókọ̀ ojú irin lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Mo wà á lọ sílé tí mo háyà ní Àpáta nínú ìlú Jọ́ọ̀sì. Ìyá mi yí i po, wọ́n ń ki í bí ẹni ń ki àlejò. Wọ́n ní, "Ìwọ lò ń bọ́ ọmọ mi. O ṣeun, o ṣeun."

Àwa Ìjẹ̀ṣà, ẹni tó bá dé ilé ẹni kì í káwọ́ gbera. Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tí àlejò á ti máa gbálẹ̀ àgbàlá. Ìyá mi gbá ilé, wọ́n pọn omi, wọ́n fi eérú fọ gbogbo ìkòkò mi tó ti dúdú láti ìgbà tí mo ti ń dá se, títí tí ìdí wọn fi ń kọ mànà. Ní ti ìyá mi, ìkòkò tí kò bá dán, àbùkù onílé ni. Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní àwọn ò lè jáde nínú ọyẹ́ yẹn, pé òtútù ìlú yìí ń bu èèyàn jẹ. Ìkòkò ti tán nílẹ̀. Mọ́tò ló kù.

Bí mo ṣe wọ àgbàlá, wọ́n fà mí lọ́wọ́. "Ọkọ mi, wá wò ó!" Omi ṣì wà lára mọ́tò, ó ń dán gbinrin. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni mo ti rí igbá eérú, kànrìnkànrìn sì wà nínú rẹ̀, ó ti dúdú. Ọ̀dà mọ́tò ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi ní, "Yèyé, ẹ ṣeun o, ẹ kú iṣẹ́." Wọ́n wọlé lọ ro ọkà, inú wọn ń dùn. Kí oòrùn tó fà á gbẹ tán, gbogbo ara mọ́tò ti hu funfun bí ẹsẹ̀ ọmọ tó ń ṣeré nínú ọyẹ́ láìfi epo para. Bọ́nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn, wọn ò fi ibì kankan sílẹ̀. Ìyá mi kì í ṣe iṣẹ́ àbọ̀.

Mo yáa fa tápólì bò ó. Kì í ṣe iṣẹ́ tí màá pàdánù nìkan ló ń dẹ́rù bà mí. Opó ni wọ́n, èmi nìkan ni wọ́n ní, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Tí ọ̀gá bá lé mi, wọ́n á béèrè ìdí. Ta ló fẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọwọ́ tí ẹ fi tọ́ mi náà lẹ fi ba oúnjẹ mi jẹ́? Èmi ò lè sọ ọ́. Mo jẹ ọkà wọn lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mi ò mọ adùn rẹ̀.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Ẹ̀gbá, alásọdùn ẹ̀dá, òun ló ń kun ọ̀dà níbi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò àwọn awakùsà ṣe. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹ̀rọ kan dé fún un láti òkè òkun, òun ni wọ́n fi ń ra ara mọ́tò kó lè dán. Iná mànàmáná ló ń yí i. Ara rẹ̀ jókòó sílẹ̀ bí àpótí, okùn irin gígùn kan jáde lára rẹ̀, ní orí okùn náà ni wọ́n de irin pẹlẹbẹ kan mọ́, irun àgùntàn sì bo ojú rẹ̀. Tó bá ń yí, èèyàn ò ní lè ka irun kan níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo wa mọ́tò lọ bá a níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ṣí tápólì, ó kígbe, "Háì! Ajá ló lá a ni?" Mo sọ bó ṣe jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí.

Mo ní kó bá mi ṣe é. Ó ní láéláé. "Tí ọ̀dà bá bó lọ́wọ́ mi, èmi ni wọ́n máa lé. Wá kọ́ ọ, kó o fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é."

Bí a bá ṣíwọ́ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, mo ń kọ́ ọ lára lọ́rì àlòkù kan. Ẹ̀rọ yẹn! Lọ́jọ́ kìíní, ó já gbà lọ́wọ́ mi, ó ń jó kiri ilẹ̀, èmi náà ń jó tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ kejì, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin tó bo táyà lọ́rì pé kó tètè parí. Òórùn jíjó ni mo gbọ́. Nígbà tí mo máa gbé e kúrò, ọ̀dà ti lọ, irin lásán ló ń wò mí.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

"Fi òwe sílẹ̀, Sátidé ń bọ̀!"

"Gbọ́, ẹ̀rọ yìí kò fẹ́ ẹni tó ń kánjú, kò sì fẹ́ ẹni tó ń dúró sójú kan. Má tẹ̀ ẹ́. Máa lọ, máa bọ̀. Ibi tí irin bá ti ṣẹ́ kọ́nà, ọ̀dà ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ọwọ́ ni kó o fi ra á. Ṣebí òṣómàáló ni yín? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ yín lówó títí á fi san án. Ó yá, lóṣòó ti mọ́tò, kó o máa wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́."

Inú bí mi, àmọ́ mo fi lọ́rì sílẹ̀, mo lóṣòó ti mọ́tò ọ̀gá. Téèyàn bá lóṣòó tí ìmọ́lẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, á rí ọ̀nà eérú kọ̀ọ̀kan bó ṣe lọ. Ìyá mi fọ̀ ọ́ róbótó róbótó, bí wọ́n ṣe ń fọ ìkòkò. Mò ń rí ọwọ́ wọn níbẹ̀. Mo fi ìpara tó ki bí ògì sára bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo gbé ẹ̀rọ lé e, mo ń lọ, mo ń bọ̀. Ẹsẹ̀ mi tí kì í sinmi wá rí iṣẹ́ ṣe. Ibi tí mo bá nù, dúdú ń jáde. Ara mi ò balẹ̀ síbẹ̀. Mo ń lá àlá pé irin lásán ló kù lára mọ́tò, tí ọ̀gá mi sì ń rìn yí i ká.

Nílé, ìyá mi ò jẹun dáadáa mọ́. Mo rò pé òtútù ni. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé, "Ìgbà wo ni ọ̀gá rẹ ń bọ̀?" Mo rò pé wọ́n ń retí pé kó wá yìn wọ́n ni, ó sì ń dùn mí wọra. Mo ń dáhùn pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Sátidé, Yèyé. Á dúpẹ́ títí."

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ ojú irin pẹ́. Mo rìn yí mọ́tò náà ká títí àwọn alárù fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n ń pè mí ní mahaukaci, wèrè. Ọ̀gá mi sọ̀ kalẹ̀. Kò wọ mọ́tò. Ó dúró, ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka kan tọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òógùn bò mí nínú ọyẹ́. Ó fi Háúsá rẹ̀ tó máa ń kọsẹ̀ bi mí pé ta ló ṣe é.

Ẹnu mi yá jù mí lọ. Mo ní, "Uwata." Ìyá mi.

Ó rẹ́rìn-ín, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú agolo bisikíìtì kan jáde, ó ní kí n gbé e fún ìyá mi.

Mo sáré délé. Mo bá wọn lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti wọ aṣọ ìrìnàjò. Mo na agolo sí wọn, wọn ò wò ó rárá. Ojú mi ni wọ́n ń wò.

"Ṣé kò lé ẹ?"

Mo gbé agolo sílẹ̀. Wọ́n ní, "Mo ṣí aṣọ tó o fi bò ó lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Mo rí ohun tí mo ṣe. Mo rò pé tí wọ́n bá lé ẹ, kí n má wà níbẹ̀ tí wàá fi máa wojú mi." Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni mo ti rí ẹrù wọn, wọ́n ti dì í, okùn rẹ̀ le.

Mo ní, "Kò lé mi, Yèyé. Ó ní kí n máa kí yín." Mo kúnlẹ̀ ti ẹrù náà, mo fi eyín tú okùn rẹ̀. Ẹkún ń gbọ̀n mí, ẹkún ń gbọ̀n wọ́n. Kànrìnkànrìn ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣà á, wọ́n dìde, wọ́n ní àwọn ń lọ fọ ìkòkò.

Mo ní, "Ìkòkò nìkan o, Yèyé."