Sààrá Tí Àna Mi Fi Wáì-fáì Wa Ṣe

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ka ara rẹ̀ sí ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà. Èmi kò kà á sí bẹ́ẹ̀. Ó tún fóònù ẹnì kan ṣe rí ní Mọ́kọ́lá, fóònù náà sì tàn, láti ọjọ́ náà ni gbogbo ẹbí wọn ti ń pè é ní ẹnjiníà. Mo gbọ́ pé fóònù ọ̀hún kú padà kó tó dé ilé olówó rẹ̀, ṣùgbọ́n oyè kì í bá fóònù kú.

Ọ̀sẹ̀ kan ló ní òun fẹ́ fi bá wa gbé ní Bódìjà, nítorí wọ́n ń pààrọ̀ òrùlé ilé rẹ̀ ní Ring Road. Ọ̀sẹ̀ náà di oṣù. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé n kò lè sọ̀rọ̀. Mo ju ọkùnrin náà lọ dáadáa, ewú ti gba gbogbo àárín orí mi, àmọ́ àna ni. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹni, ì báà jẹ́ àná ni wọ́n bí i, ìdọ̀bálẹ̀ ló tọ́ sí i. Ní àràárọ̀ ni mò ń fi àyà kanlẹ̀, tí òun á máa wí pé, "Ẹ dìde, àna wa," láìgbé ojú kúrò lórí fíìmù tó ń wò. Níwájú rẹ̀, "ẹ" ni mò ń pè é. Nínú ìwé tèmi yìí, "ó" ni.

Àsìkò tó dé yẹn náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé wa bẹ̀rẹ̀ àìsàn.

Ká ní tèmi nìkan ni, ǹ bá fi ẹ̀rín pa á. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi, olùkọ́ ìmọ̀ ewéko, ti kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ kan lókè òkun pé kí wọ́n gba òun fún ọdún kan. Láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn wa ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ló ti ń lé nǹkan yìí. Ọmọ náà ti ń fá irùngbọ̀n báyìí. Wọ́n wá ní àwọn fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí kọ̀ǹpútà. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè, ó ń gbọ́ wọn ketekete, àwọn ni kò gbọ́ ọ. Àwòrán rẹ̀ dì gbagidi lọ́dọ̀ wọn, ẹnu ní yíyà, ojú kan ní pípadé, bí ẹni tó fẹ́ sín. Wọ́n ní kó lọ tún nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi tó wà ṣe, pé àwọn á tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ìyẹn ló sì máa kẹ́yìn.

Ẹnjiníà gba iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó kọ́kọ́ ní igi máńgòrò aládùúgbò wa ló ń dínà. Ó gbé ráútà, àpótí kékeré tó ń fún wa ní wáì-fáì, sórí fìríìjì, ó gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níkẹyìn ó fi gèlè àtijọ́ kan dì í mọ́ irin wíńdò bí ẹni pọn ọmọ. Ọmọ náà kò yéé sunkún. Ó wá ní, "Àwọn ọmọ Agbowó ló ń jí wáì-fáì yín."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kèké ni wáì-fáì náà ń wọ̀ láti Bódìjà dé ọ̀hún?"

"Àna wa, ẹ ò mọ àwọn ọmọ yẹn. Ẹ yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà."

A yí i padà. Ẹni àkọ́kọ́ tí a sọ tuntun náà fún ni òun alára. Ẹ ò rí i bí èèyàn ṣe ń ra àgádágodo tuntun, tó sì ń fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí olè.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ dání lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Challenge lẹ́yìn ìrun. Kò pẹ́ tó jáde ni ìyàwó mi pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fídíò, obìnrin náà sì rí i débi pé ó ń yin yẹtí etí rẹ̀. Ẹnjiníà wọlé dé ní ìrọ̀lẹ́, àwòrán tún dì, yẹtí pòórá. Mo pa gbogbo fóònù ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, tèmi, ti ìyàwó mi àti kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Ó ku kọ̀ǹpútà àna mi. Mo bẹjú wo ohun tó kọ sójú rẹ̀ lórí tábìlì tó gbé e lé. Ohun tó ń wọlé sínú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tó ń jáde ń sáré bí omi ẹ̀rọ tí páìpù rẹ̀ bẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń jáde níbí?"

"Àwọn fíìmù mi ni. Àwọn èèyàn káàkiri ayé ló ń gbà á lọ́wọ́ mi."

"Ẹ ti wò wọ́n tán?"

"Tipẹ́tipẹ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò pa á?"

Ó wò mí bí ẹni wo kèfèrí. "Ẹni tí èmi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé òun pa tiẹ̀? Ẹ gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, ẹ wá tilẹ̀kùn mọ́rí? Àna wa, sààrá ni mò ń ṣe."

Sààrá! Mo bá bàbá wọn láyé, mo sì rí sààrá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀wà rẹ̀ ni, òróró rẹ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ ló ń dín in, àwọn ọmọ àdúgbò á sì fi àkàrà gbígbóná jó ahọ́n. N kò rí i kó bu ẹ̀wà ará ilé kejì rí. Ọ̀nà tí nǹkan ń gbà jáde nílé wa tóóró bí ọrùn ìgò, àwọn ará Ṣáínà tó ń ja kọ̀ǹfú nínú fíìmù sì ti kún ibẹ̀ pa. Ibo ni ohùn ìyàwó mi fẹ́ gbà? Mo ṣàlàyé èyí fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ó ní, "Ohun tó ń jáde kò lè dí nǹkan. Bí omi bá ń jáde nínú ilé, ṣé ilé á kún?"

Ibẹ̀ ni ìmọ̀ ẹnjiníà parí sí. Ó fi kún un pé bí òun bá dá sààrá dúró lágbedeméjì, láádá rẹ̀ bàjẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á rò ó.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa pe ìyàwó mi lẹ́ẹ̀kejì, àna mi ṣì ń rò ó, omi ṣì ń sáré. Ìyàwó mi yọ sí pálọ̀, ó wọ búláòsì iyì lókè, ìró ilé nísàlẹ̀. Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti pa á?" Mo mi orí. Ó rìn lọ síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ọ̀sán, sà."

"Kú ọ̀sán, jàre. Ṣé o ti múra?"

"Mo ti múra, sà." Lórí ìkúnlẹ̀ náà ló ti na ọwọ́, ó pa kọ̀ǹpútà náà dé pà! ó sì gbé e mọ́ àyà. "Ẹ má bínú, sà. Ẹ fi àdúrà ṣe sààrá tòní." Ó gbé e wọ yàrá tí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wà, ó ti ìlẹ̀kùn.

Bọ̀ọ̀dá kọjú sí mi. "Àna wa, ẹ rí ohun tí ọmọ yìí ṣe sí mi?"

"Ó kúnlẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mo rí i."

Ó jókòó, ó ń wo ògiri. Láti inú yàrá ni mo ti ń gbọ́ ohùn ìyàwó mi láìjá, tó ń sọ̀rọ̀ ewé, tí àwọn ará ọ̀hún ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó jáde, òógùn bò ó.

"Wọ́n bi mí ní ìbéèrè kan tí n kò mọ̀," ló wí. "Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n sì gbọ́ pé n kò mọ̀ ọ́n!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Wọ́n gbà á. Nígbà tí ọyẹ́ dé ló lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí pápákọ̀ òfurufú, gbogbo ohun tó rí sọ fún mi ni pé, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú bọ̀ọ̀dá mi."

Mò ń tọ́jú rẹ̀. Èmi ni mò ń tẹ ẹ̀bà fún àwa méjèèjì báyìí. Lánàá, ó ní ẹ̀bà mi ní kókó.